Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Àjọ Aláàánú Ṣe Lè Rí Owó Ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwárà

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn àjọ aláàánú kéékèèké ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti àwọn ìletò tó yí wọn ká jókòó ti ìwé ìbéèrè owó. Iṣẹ́ tó dára ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe: àwọn kan ń kọ́ opó níṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń mú omi wọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn ń tọ́jú aboyún tí kò lówó ìbímọ lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ wọn kì í sábà hàn nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé nìkan ni ẹni tó jìnnà lè rí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lórí tábìlì.

Ìwé wo ló yẹ kó wà lọ́wọ́ wa kí a tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni?

Èkíní ni ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Corporate Affairs Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí CAC. Apá F nínú òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí a ń pè ní CAMA, ti ọdún 2020, ló sọ̀rọ̀ nípa irú àjọ wa, tí orúkọ wọn nínú ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Incorporated Trustees of”. Kí CAC tó fọwọ́ sí i, ẹ ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ lòdì sí i lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Òfin yìí kan náà kò gbà kí owó àjọ di èrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pín láàárín ara wọn, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ìwé òfin àjọ yín sọ bẹ́ẹ̀ kedere.

Èkejì ni ìwé SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC tó ń ṣọ́ owó tí a bá fẹ́ fi ọ̀nà àbòsí sọ di owó mímọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àwọn báǹkì sì sábà máa ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún àjọ. Ẹ̀yin náà yóò gba nọ́ńbà owó orí tí a ń pè ní TIN, ẹ ó sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ àjọ, pẹ̀lú ó kéré tán ènìyàn méjì tí yóò máa fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, kí àwọn méjì náà má ṣe jẹ́ tọkọtaya. Òfin kò kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n olùfúnni tó bá rí i yóò ti ní ìbéèrè lọ́kàn kí ó tó ka ohunkóhun mìíràn.

Ohun kan wà tí àwọn àjọ máa ń gbàgbé. Lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ni ó yẹ kí àjọ fi ìwé ìjábọ̀ ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín lówó lè tẹ orúkọ yín sínú ojú ìwé ìṣàwárí CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kan péré, bí ẹ kò bá sì ti ṣe ojúṣe yín, ohun tí yóò rí níwájú orúkọ yín ni “inactive”. Mo ti rí àjọ tó fi oṣù méjì kọ ìwé àbá tó dára, ìyẹn ìwé tí a fi ń béèrè owó, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Àjọ wa kò tíì ní ìwé CAC. Ṣé kí a dúró ni?

Ẹ má dúró. Ẹ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ mìíràn tó ti forúkọ sílẹ̀, tí yóò gba owó náà sínú àkáǹtì tirẹ̀, tí yóò sì máa ná an fún iṣẹ́ yín nìkan. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀: ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìnáwó, èló ni wọn yóò yọ fún wàhálà wọn, ta ni yóò ni ẹ̀rọ tí a bá rà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àdéhùn ẹnu lásán ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Níbo ni kí a ti kọ́kọ́ béèrè?

Nílé ni. Bí a bá ti dárúkọ owó ìrànwọ́, òkè òkun ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí sí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní òkè òkun náà yóò bi yín pé àwọn ará ilé yín ńkọ́, kí ni wọ́n ti dá sí i? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì dá kọ́bọ̀, ó máa ń ṣòro kí àlejò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ wo bí alájọ ṣe ń ṣe é. Obìnrin tó ń ta ata ní Ìpàta lè má mọ ilé alájọ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fún un ní owó lójoojúmọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ ni alájọ ṣe ń fa ìlà sínú àpótí kéékèèké inú káàdì, káàdì náà sì wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn pẹ̀lú. Nínú báàgì rẹ̀ ló ń gbé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọjà. Ọjọ́ tó bá wù ú, ó lè ka ìlà náà fúnra rẹ̀ láìbi alájọ léèrè. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wíwá owó fún àjọ aláàánú kò ju èyí lọ: kí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó fúnni lówó, kó má ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á nìkan.

Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 100 tó mọ̀ yín dáadáa. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń fi ₦2,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù, ₦2,400,000 ni yóò jẹ́ lọ́dún, láìsí ìwé àbá kankan. Àwọn ẹni tí ẹ ó tọ̀ lọ kò jìnnà: àwọn tí ẹ jọ parí ilé ìwé gíga lọ́dún kan náà, àwọn oníṣòwò Ọjà-Ọba àti Tánkẹ̀, àti àwọn ọmọ ìlú yín tó wà lẹ́yìn odi. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ náà wà, bíi IEDPU ti àwọn ọmọ Ìlọrin, Offa Descendants' Union ti àwọn ọmọ Ọ̀fà, àti Omu-Aran Development Association. Irú ẹgbẹ́ báyìí ní ẹ̀ka káàkiri, wọ́n sì mọ bí a ti ń kó owó jọ fún ìlú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọn yóò fún yín lówó, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ wọn pé wọ́n mọ iṣẹ́ yín níyì púpọ̀ nínú ìwé àbá tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo àwọn 100 náà gba ojú ewé kan lórí WhatsApp: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí a fi ṣe, iye tó kù. Kódà ní oṣù tí ẹ kò bá ṣe ohunkóhun, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò ṣe ohunkóhun ní oṣù yìí.

Ṣé a lè gba owó sàká fún iṣẹ́ wa?

Nílùú bíi Ìlọrin, ìbéèrè yìí tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé owó sàká ní ẹni tó ni ín. Al-Kùránì, orí kẹsàn-án, ẹsẹ 60, ti ka ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀ tí sàká lè gbà: àwọn aláìní, àwọn tálákà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kíkó o jọ, àwọn tí a fẹ́ mú ọkàn wọn rọ̀ mọ́ ẹ̀sìn, ìtúsílẹ̀ ẹrú, àwọn onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti arìnrìn-àjò. Ìdá kan nínú ìdá ogójì owó tó pé òṣùwọ̀n, tó sì ti lo ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ olówó, ni ó ń jáde.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àjọ ni pé a kò lè kó sàká lé owó epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó háyà ọ́fíìsì bó ti wù wá. Ọ̀pọ̀ aláfáà ló sì gbà pé sàká gbọ́dọ̀ di ti aláìní náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè ná an bí ohun tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fara mọ́ kí a fi kọ́ ilé ìwòsàn. Sàárà kò le tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ lè fi ra ìwé, ẹ lè fi tún òrùlé ṣe. Wákáfù tún yàtọ̀: ìdí ohun ìní náà kò gbọdọ̀ tà, èrè rẹ̀ nìkan ni a ń ná, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kan tí ọlọ́rọ̀ fi sílẹ̀ ní wákáfù lè máa san owó oṣù olùkọ́ yín títí láé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún sàká, kí ẹ tọ aláfáà tí àwọn olówó ìlú fọkàn tán lọ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kí ẹ jẹ́ kí ó wo orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ fún, kí ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán náà ní ìlànà tiwọn lórí owó àkànṣe. Ohun tí ẹni tó ń fúnni bá sọ pé kí a fi owó rẹ̀ ṣe, òun ni kí a fi ṣe.

Báwo ni a ṣe lè mọ olùfúnni tó bá iṣẹ́ wa mu?

Ẹ wo ẹni tí ó ti fún ṣáájú, kí ẹ tó wo ohun tó sọ pé òun ń fún. Ó lè kọ “ìdàgbàsókè ìgbèríko” sí ojú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí ó fún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn bá jẹ́ yunifásítì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni ó ń pè.

Díẹ̀ nìyí nínú àwọn tí àjọ kékeré ní Kwárà lè gbé yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè Japan máa ń ṣe ìrànwọ́ kan fún iṣẹ́ ìbílẹ̀. Ilé, kànga àti ohun èlò ni ó wà fún, kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́. Kánádà ní Canada Fund for Local Initiatives, tí kì í ju 100,000 dọ́là Kánádà lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì kéré sí èyí gan-an. Bí obìnrin bá ló ń darí àjọ yín, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ ti obìnrin, ẹ wo African Women's Development Fund tó wà ní Accra láti ọdún 2000. Nílé níbí, TY Danjuma Foundation máa ń fún àwọn àjọ Nàìjíríà lówó. Ford Foundation ti ní ọ́fíìsì ní Èkó láti 1960, ṣùgbọ́n àjọ tó ti gbó díẹ̀ ni ó sábà máa ń bá ṣiṣẹ́.

Ti Tony Elumelu Foundation ni wọ́n máa ń bi mí jù, tí mo sì máa ń dá wọn dúró: 5,000 dọ́là rẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kì í ṣe fún àjọ aláàánú.

Bí ẹ bá fẹ́ gba owó ìjọba Amẹ́ríkà tààrà, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí ojú ìwé SAM.gov, níbi tí ẹ ó ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ àjọ tí a ń pè ní UEI, èyí tó rọ́pò nọ́ńbà DUNS ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ìforúkọsílẹ̀ SAM.gov náà dọ̀tun lọ́dọọdún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó rí ìpolongo kankan, torí ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti CAC mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Kí ni ó yẹ kí ìwé àbá wa sọ?

Mo bá àjọ kan ṣiṣẹ́ lórí omi fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn ni pé “Omi jẹ́ ìṣòro ńlá ní Nàìjíríà.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ní Àbújá ti mọ̀. Mo ní kí wọ́n padà sí ilé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n mú aago dání, kí wọ́n bá àwọn ọmọ lọ sí odò. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà nìkan ni tíṣà máa ń rán, pé wọ́n máa ń kúrò ní àkókò ìṣirò, pé àlọ nìkan gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, àti pé àbọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí garawa tó wà lórí. Ọmọ kan sọ fún wọn pé òun kò mọ pípín onípín nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, odò lòun wà. Gbólóhùn ọmọ yẹn ni a fi ṣí ìwé náà, láìdárúkọ rẹ̀, a sì kọ iye ìṣẹ́jú tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìṣòro náà, ìwé àbá gbọ́dọ̀ dáhùn ohun mẹ́rin kan: kí ni a ó ṣe, ta ni yóò ṣe é, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti yọrí sí rere, àti ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí owó bá tán. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń pa ìwé púpọ̀. “Àwọn ará ìlú yóò máa tọ́jú rẹ̀” kì í ṣe ìdáhùn. Ìdáhùn ni pé ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ti jókòó, wọ́n ti yan obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin méjì, agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa san iye kan pàtó lóṣù, ìwé ìpàdé náà sì wà ní ẹ̀yìn ìwé àbá pẹ̀lú ìfọwọ́sí baálẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ ní èdè tó rọrùn. Bí àwọn olùfúnni bá ní kí ìwé má ju ojú ewé mẹ́ta lọ, mẹ́ta ni. Bí wọ́n bá ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni yóò parí, ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í mọ̀ pé ẹ ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bá.

Báwo ni a ṣe ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì tí kò ní kó wa sí wàhálà?

Iṣẹ́ omi yẹn kan náà ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ èyí, mo sì kọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Ilẹ̀ púpọ̀ ní Kwárà jẹ́ ilẹ̀ àpáta àtijọ́. Omi kì í sí níbi gbogbo lábẹ́ rẹ̀, ibi tí àpáta ti sán tàbí tí ó ti jẹrà ló máa ń gbé. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wo inú ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. A kò kọ owó àyẹ̀wò yìí sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí pé a fẹ́ kí iye náà kéré lójú olùfúnni. Agbẹ́kànga gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ sí ẹ̀bá ọgbà ilé ẹ̀kọ́, eruku funfun ló ń tú jáde títí ilẹ̀ fi ṣú, omi kò jáde. Kò sí owó fún ihò kejì, olùfúnni kò sì lè fi kún un, nítorí pé ohun tí a buwọ́ lù nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ náà tún fi rìn sí odò kí a tó rí owó kún un láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú. Èmi ni mo ní kí a yọ owó àyẹ̀wò kúrò. N kò ní gbàgbé rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé bọ́jẹ́ẹ̀tì tó kéré ju iṣẹ́ lọ kò dára ju èyí tó pọ̀ jù. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta nínú ìwé, kí ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà. Ẹ fọ́ iye kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ obìnrin 40 níṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ má kọ ₦330,000 sílẹ̀ ní odidi. Ẹ kọ ọ́ pé owó ọkọ̀ jẹ́ obìnrin 40 lọ́nà ₦2,000 lọ́nà ọjọ́ 2, tó jẹ́ ₦160,000. Oúnjẹ jẹ́ obìnrin 40 lọ́nà ₦1,500 lọ́nà ọjọ́ 2, tó jẹ́ ₦120,000. Gbọ̀ngán jẹ́ ₦25,000 lọ́nà ọjọ́ 2, tó jẹ́ ₦50,000. Ẹni tó bá kà á lè gbà tàbí kí ó bi yín léèrè lórí ìlà kan, láìfura sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ owó ìṣàkóso náà sí i: iná, dátà, owó oṣù akápò, owó ayẹ̀wé-owó-wò. Kì í ṣe olè. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé ìpín tí àjọ tí kò ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí owó ìṣàkóso lè gbà fún èyí láti 10% sí 15% láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí olùfúnni bá sọ pé òun kò ní san án, ẹ ti mọ iye tí ẹ ó wá níbòmíràn.

Ní ti náírà, ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦460 ní ojú ọjà ìjọba tó sì kọjá ₦700 nínú oṣù yẹn kan náà. Ní 2024, ó kọjá ₦1,500. Àjọ tí owó rẹ̀ wà ní náírà rí i pé símẹ́ǹtì tí òun kọ sílẹ̀ kò lè rà á mọ́. Bí owó bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ gbà á sínú àkáǹtì dọ́là, ẹ ṣẹ́ iye tí ẹ ó ná lóṣù kan sí méjì, kí ẹ sì bèèrè nínú àdéhùn ohun tí ẹ ó ṣe bí iye bá yí padà.

Àwọn tí à ń rajà lọ́wọ́ wọn kì í fúnni ní risíìtì. Kí ni kí a ṣe?

Aláta ní Ìpàta kò ní risíìtì, ẹni tó ń wa kòrópe láti Offa Garage kò ní, bàbá tó gbé àga wá pẹ̀lú bárò kò ní. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù ìsanwó tiyín, tí ó ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Kí ẹni tó gba owó sọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù, ohun tó tà àti iye rẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò tẹ àtàǹpàkò. Mo rí fáìlì akápò kan ní Ọ̀fà tó kún fún àtàǹpàkò àwọ̀ búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ayẹ̀wé-owó-wò dé, ó pe nọ́ńbà mẹ́ta láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìyá aláta kan dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ló wá ra tàtàṣé agbọ̀n méjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé,” ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí ẹ bá lè sanwó nípasẹ̀ báǹkì, ó tún sàn jù.

Ẹnì kan ní òun yóò bá wa kọ ìwé àbá, kí a fún òun ní ìdá mẹ́wàá bí owó bá jáde. Ṣé kí a gbà?

Rárá. Association of Fundraising Professionals ní Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti gba ìpín nínú owó tí a wá, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ olùfúnni kò sì ní gbà kí owó wọn san iṣẹ́ tí a ti ṣe kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ìdá mẹ́wàá yẹn yóò wá láti inú ohun tó yẹ kó kan aláìní. Ẹ san owó iṣẹ́ fún un ní iye tí ẹ jọ gbà, kí owó jáde tàbí kí ó má jáde.

USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti lọ. Ṣé owó òkè òkun ti tán nìyẹn?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025 ni ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ná; nígbà tó fi di ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún yẹn, USAID ti ṣíwọ́, ohun tó kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti HIV tí mo mọ̀ gba lẹ́tà ìdádúró láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó kò tán láyé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù ti pọ̀ sí i gan-an. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń fún yín ní ju ìdajì owó ọdún yín lọ, ẹ jókòó lóṣù yìí, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá dáwọ́ dúró lọ́la. Àwọn ènìyàn 100 tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè ni yóò mú kí iná ọ́fíìsì wà ní títàn.

Ṣé a lè gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú?

Ẹ lè gbà á bí kò bá sí àdéhùn lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá wọ àkáǹtì báǹkì, tí ẹ sì lè kéde orúkọ ẹni tó fún yín. Bí ó bá ní kí a lẹ àwòrán òun mọ́ àpò ìrẹsì, tàbí kí a kó àwọn opó wá síbi ìpàdé ẹgbẹ́ òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbà á. Ní ọdún ìdìbò, ẹ tilẹ̀ lè sọ pé ìgbìmọ̀ yín kò gba irú rẹ̀ rárá títí ìdìbò yóò fi kọjá.

Ṣé a lè fi àwòrán àwọn ọmọ tí à ń ràn lọ́wọ́ wá owó?

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, béèrè pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ gbà kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé, àwòrán sì wà lára rẹ̀. Ju òfin lọ, ọmọ tí ẹ yà níhòòhò lẹ́bàá odò yóò dàgbà, yóò sì rí àwòrán náà. Ẹ yà á níbi tó ti ń kàwé, tàbí kí ẹ ya ọwọ́ rẹ̀ lórí tápù omi. Ó tó.

Báwo ni a ṣe ń dá oníjìbìtì mọ̀?

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba owó ìrànwọ́, oníjìbìtì ni, ì báà pe orúkọ ara rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ojú ìwé àjọ náà gan-an, kì í ṣe èyí tó fi ránṣẹ́ sí yín.

Wọ́n kọ̀ ìwé àbá wa. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a tún béèrè?

Ó yẹ. Ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tó mẹ́hẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dáhùn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá dáhùn ń fún yín ní ohun tó níye lórí. Àjọ omi yẹn gba ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí olùfúnni kẹta tó gbà, ìwé kẹta sì fi díẹ̀díẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí ohun tí àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ.

Owó ti dé. Kí ló kàn?

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, ẹ kọ lẹ́tà pé ó ti dé, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ọjọ́ tí ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde sórí kàlẹ́ńdà ògiri ọ́fíìsì, kí ẹ sì tún kọ ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú biro pupa. Bí ohunkóhun bá yí padà, bí oníṣẹ́ bá sá, bí òjò bá ba ojú ọ̀nà jẹ́, ẹ sọ fún olùfúnni kí ó tó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. N kò tíì rí olùfúnni tó bínú sí ẹni tó tètè sọ òótọ́ tó bí mo ti rí wọn tí wọ́n bínú sí ẹni tó dákẹ́. Nígbà tí ihò àkọ́kọ́ yẹn gbẹ, alẹ́ ọjọ́ náà ni a kọ̀wé sí wọn, pẹ̀lú àwòrán eruku funfun náà. Wọn kò lè fi owó kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ìlú fi san ihò kejì, tí omi sì jáde, àwọn gan-an ni wọ́n kọ̀wé pé, ilé ẹ̀kọ́ wo ni ẹ fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e?